Ojú Ìwé Ìbéèrè Yín: Kí Ló Ń Pa Print Spooler Ọ́fíìsì Wa?

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá orí ojú ìwé yìí. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn, àwa mẹ́rìnlá ni a sì jọ ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá akáǹtì ni wọ́n so gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà mọ́, láti ibẹ̀ ni àwa tó kù ti ń rí wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ti tó oṣù kan báyìí tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ń dúró lójijì: àwọn ẹ̀rọ náà yóò pòórá lójú kọ̀ǹpútà, Windows yóò sì sọ fún wa pé Print Spooler kò ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ti kọ́ wa bí a ṣe ń wọ Services lọ láti tan án padà, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí yóò tún kú kí lẹ́tà kan ṣoṣo tó jáde. Ó ti wá ní kí á jẹ́ kí òun pa Windows rẹ́, kí òun sì fi tuntun sí i. Àyà mi ń já, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà yẹn ni àkọsílẹ̀ owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà?

Akọ̀wé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa Windows rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Nínú irú ọ̀ràn tí ẹ ṣàlàyé yìí, Windows fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Bí wọ́n bá fi tuntun sí i, tí wọ́n sì tún gbé dráífà kan náà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀) tó ń dá wàhálà sílẹ̀ padà sórí rẹ̀, Spooler yóò máa kú bí ó ti ń kú tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ yín yóò sì ti dúró lásán.

Ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú Windows ni Print Spooler, spoolsv.exe ni orúkọ fáìlì rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà kì í lọ tààrà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Spooler ni ó ń gbà á, tí ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú fódà kan tó wà ní C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, tí ó sì ń ti ibẹ̀ fi í ránṣẹ́ nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀ fún un. Fáìlì méjì ni ìwé kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní níbẹ̀: èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí SPL ni ó gbé ohun tí a fẹ́ tẹ̀, èyí tó parí sí SHD ni ó gbé orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹ̀rọ tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n Spooler kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan ni ó sábà máa ń kọ dráífà rẹ̀, inú Spooler gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn dráífà wọ̀nyí sì máa ń wọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ fi wé ilé kan tí àlejò láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ sùn sí nínú yàrá kan ṣoṣo: bí ọ̀kan nínú wọn bá ti iná bọ ẹní rẹ̀, gbogbo yàrá ni yóò jó, onílé ni àwọn ará àdúgbò yóò sì máa pè lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí orúkọ Spooler fi ń hàn lójú kọ̀ǹpútà yín, nígbà tí ó lè jẹ́ pé dráífà ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bóyá èyí tí ẹ kò tilẹ̀ lò mọ́, ni ó pa á.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ ohunkóhun, kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ohun tó ń pa á. Windows ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ wá Event Viewer nínú àpótí ìṣàwárí, ẹ ṣí Windows Logs, ẹ wọ Application, kí ẹ sì wá àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, tí orúkọ spoolsv.exe wà nínú rẹ̀. Ẹ óò rí ìlà kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ Faulting module name sí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ kọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹyọ kan dájọ́. Ẹ kó àkọsílẹ̀ gbogbo ikú tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù yìí jọ, kí ẹ wo bóyá orúkọ kan náà ni ó ń padà wá. Nínú System, tó wà lábẹ́ Windows Logs kan náà, nọ́ńbà 7031 tàbí 7034 yóò tún fi àkókò tí Spooler ń ṣubú hàn yín, ẹ sì lè bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ní àkókò yẹn.

Bí orúkọ tí ẹ rí bá jẹ́ ti fáìlì kan tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\drivers, ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba arúfin náà. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ntdll.dll ni ẹ rí, ẹ má ṣe tìtorí pé fáìlì Windows ni ó jẹ́ kí ẹ wá gbà pé Windows ti bàjẹ́. Ibẹ̀ ni àbùkù tí dráífà ti dá sílẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ sábà máa ń yọjú sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tìtorí orúkọ yìí pa Windows tó yè kooro rẹ́, ó sì dùn mí pé ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ ntdll.dll náà ni ẹ ń rí léraléra, àkọsílẹ̀ kejì wà tí yóò ràn yín lọ́wọ́. Nínú Event Viewer kan náà, ẹ ṣí Applications and Services Logs, lẹ́yìn náà Microsoft, lẹ́yìn náà Windows, títí ẹ óò fi dé PrintService. Admin tó wà níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Operational kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹ bá fi Enable Log tan án. Láti ìgbà tí ẹ bá ti tan án, gbogbo ìwé tó bá jáde ni yóò ní àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 307, tí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹ̀rọ tó gbà á yóò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Spooler bá tún kú, ẹ wo ohun tó jáde kẹ́yìn, kí ẹ sì bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e tí kò jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ni ó ń kàn ní gbogbo ìgbà, dráífà ẹ̀rọ yẹn ni kí ẹ dojú kọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé PDF kan náà ni, ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n ìbáà fi ránṣẹ́ sí, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ ìwé náà ni dráífà kò lè kà. Ẹ ṣí i nínú Adobe Reader, ẹ tẹ Advanced lójú ibi ìtẹ̀wé, kí ẹ sì fi àmì sí Print As Image kí ẹ tó tún un tẹ̀.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ dá dúró lé lórí, èyí tí ẹ fi sọ pé ìgbà mìíràn wà tí Spooler ń kú kí lẹ́tà kan tó jáde. Èyí sábà máa ń túmọ̀ sí pé fáìlì kan tó ti bàjẹ́ ṣì wà nínú fódà PRINTERS. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ fáìlì SPL lọ́wọ́, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà á, ààbọ̀ fáìlì ni yóò kù síbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tan Spooler padà, yóò tún lọ bá fáìlì yẹn, yóò sì tún ṣubú. Bí ẹ bá tan án padà nígbà ogún láì kó fáìlì náà kúrò, kò lè yàtọ̀. Bí ẹ ó ṣe kó o kúrò nìyí. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé ìwé tí kò tíì jáde yóò sọnù, kí wọ́n má baà máa dúró dè é. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí ẹ tẹ net stop spooler. Ẹ wọ inú fódà PRINTERS, ẹ pa gbogbo fáìlì tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa fódà náà fúnra rẹ̀ rẹ́. Kí ẹ wá tẹ net start spooler. Bí wàhálà náà bá parí síbẹ̀, ẹ ra UPS fún kọ̀ǹpútà akáǹtì yẹn, nítorí pé òun ni ó ń gba ìwé gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláser mọ́ UPS kékeré kan náà o. Iná tí ó ń fà láti mú ara rẹ̀ gbóná pọ̀ ju ohun tí UPS kékeré lè gbé lọ.

Tí ó bá sì jẹ́ pé dráífà ni ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ jáde ni kí ẹ yọ, kì í ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tó yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kúrò lójú Windows, ẹ pa Spooler kí ẹ sì tan án padà kí ó lè tú dráífà náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tẹ printui /s /t2 sínú àpótí Run. Gbogbo dráífà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni yóò jáde. Ẹ mú èyí tí ẹ ń wá, ẹ tẹ Remove, kí ẹ sì yan èyí tí yóò mú dráífà àti àkójọ rẹ̀ kúrò pọ̀. Níbẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí dráífà ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé jù sí yàrá ẹrù láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ yọ ìyẹn náà. Orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ẹ ti gba dráífà tuntun, kì í ṣe inú fláàṣì tí ó ti ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí wọ́n bá sì fún yín láǹfààní láti yan dráífà nìkan láìsí ètò tó ń ka iye tónà àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀, ẹ yan dráífà nìkan.

Ohun tó tún kù tí mo fẹ́ kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yín ni ìyàsọ́tọ̀ dráífà. Láti ìgbà Windows 7 àti Windows Server 2008 R2 ni Microsoft ti ṣe é tí a lè fi mú dráífà kan jáde kúrò nínú spoolsv.exe, kí ó lọ máa ṣiṣẹ́ nínú ètò mìíràn tó ń jẹ́ PrintIsolationHost.exe. Àlejò oníjàǹbá ti gba yàrá tirẹ̀ nìyẹn: bí ó bá jó, òun nìkan ni yóò jó, àwọn ẹ̀rọ méjì tó kù yóò sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí ó ṣí Print Management, kí ó wọ All Drivers, kí ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ dráífà náà, kí ó wá yan Isolated lábẹ́ Set Driver Isolation. Irinṣẹ́ yìí wà nínú Windows Pro ṣùgbọ́n kò sí nínú Home. Kì í ṣe gbogbo dráífà ni ó gba ìyàsọ́tọ̀, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti gbà á, mi ò mọ ohun mìíràn tí a lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe tó ń mú ìtura bá ọ́fíìsì tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ pé Windows kì í sábà jẹ̀bi. Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àtúnṣe kan tí Microsoft gbé jáde mú kí odindi kọ̀ǹpútà máa kú, tí ojú rẹ̀ ń di búlúù, nígbà tí wọ́n bá fi dráífà kan láti ọ̀dọ̀ Kyocera, Ricoh, Zebra àti àwọn mìíràn tẹ ìwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Microsoft tún fi gbé òmíràn jáde láti fi tún un ṣe. Fún ìdí yìí, ẹ wo Update History nínú Windows, kí ẹ fi ọjọ́ tí àtúnṣe wọlé wé ọjọ́ tí wàhálà yín bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ méjèèjì bá ṣe rẹ́gí, ẹ jẹ́ kí Windows gba àtúnṣe tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

Nínú Services, lábẹ́ Recovery, ẹ lè ní kí Windows máa tan Spooler padà fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ṣubú. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ìgbẹ̀yìn, nítorí pé bí ẹ bá kọ́kọ́ ṣe é, Spooler yóò máa kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, ìwé yóò sì máa sọnù. Ohun yòówù tí ẹ bá fẹ́ ṣe nínú gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó oṣù yẹn sórí ohun ìpamọ́ tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà.

ÌBÉÈRÈ

Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Oníbàárà mi kan gbọ́ nípa PrintNightmare, àlàfo ààbò kan nínú Print Spooler, ó sì ní kí n pa Print Spooler lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ òun. Bákan náà, ibi tí àṣìṣe 0x0000011b, èyí tó ń hàn nígbà tí Windows kò bá lè so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bá ti yọjú, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń wọ inú Registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ sí, lọ fi 0 sí RpcAuthnLevelPrivacyEnabled, ìwé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ni ẹ rí sí méjèèjì?

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìbẹ̀rù oníbàárà yín ní ìdí. Àṣẹ tí Spooler fi ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ga ju ti alábòójútó pàápàá lọ, nítorí náà ẹni tó bá rí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá ti di olúwa kọ̀ǹpútà náà. Kòkòrò Stuxnet tí wọ́n rí ní ọdún 2010 lo àlàfo kan nínú Spooler láti fi ràn ká. PrintNightmare, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2021-34527, di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2021 sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n tún ṣe é pé ẹni tí kì í ṣe alábòójútó kò lè fi dráífà sórí kọ̀ǹpútà láti orí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn yòókù) mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń rí àpótí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ra.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa Spooler níbi gbogbo, kò sẹ́ni tí yóò lè tẹ ìwé. Orí sáfà tó jẹ́ domain controller, èyí tó ń yẹ ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn òṣìṣẹ́ wò, ni kí ẹ ti kọ́kọ́ pa á, àti orí sáfà èyíkéyìí tí kò ní iṣẹ́ kankan ṣe pẹ̀lú ìtẹ̀wé. Lórí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́, ẹ wọ Group Policy, lábẹ́ Computer Configuration, Administrative Templates, Printers, kí ẹ sọ Allow Print Spooler to accept client connections di Disabled, kí ẹ sì pa Spooler kí ẹ tan án padà. Kọ̀ǹpútà náà yóò ṣì lè tẹ ìwé, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹyọ kọ̀ǹpútà tó ń pín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún àwọn yòókù nìkan ni ẹ ó fi sílẹ̀, òun ni kí ẹ sì máa rí i pé kò pàdánù àtúnṣe kankan.

Ní ti 0x0000011b, mi ò fara mọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń ṣe. Àṣìṣe yẹn gbilẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí kọ̀ǹpútà méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa ìtẹ̀wé máa pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́ ní àṣírí. Bí ẹ bá fi 0 síbẹ̀, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì nítorí olè nìyẹn, oníbàárà yín kò sì ní mọ̀. Ẹ rí i pé kọ̀ǹpútà méjèèjì gba àtúnṣe Windows dé ojú àmì. Níbi tí èyí kò bá ti ṣeé ṣe, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn ti gbó jù, ẹ má ṣe gba orí kọ̀ǹpútà kejì kọjá rárá: ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ tààrà nípasẹ̀ Standard TCP/IP Port àti àdírẹ́sì ẹ̀rọ náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

ÌBÉÈRÈ

Spooler tiwa kì í kú ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń sọ pé òun wà ní Offline, pàápàá lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì dé. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn kódà nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń tẹ ìwé jáde láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni ká ṣe?

Olùkọ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ohun méjì ni ẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan. Nígbà tí iná bá lọ tó sì dé, ráútà lè fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní àdírẹ́sì mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí Windows mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó ráútà yín ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ náà kí ó má lè yí padà mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Printer Properties, ẹ wo Ports: bí ẹ bá rí WSD (ọ̀nà tí Windows fi ń wá ẹ̀rọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀) níwájú orúkọ rẹ̀, ẹ tẹ Add Port, ẹ yan Standard TCP/IP Port, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì tí ẹ yà sọ́tọ̀ yẹn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ni ó ń gba ìwé lójú ọ̀nà (port) tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9100, Windows yóò sì fi ìyẹn síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ti pé ó ń tẹ ìwé láti ibòmíràn tí kọ̀ǹpútà tiyín sì ń pè é ní Offline, ẹ tẹ Configure Port níbẹ̀ kan náà, kí ẹ mú àmì kúrò níwájú SNMP Status Enabled. SNMP yìí ni Windows fi ń bi ẹ̀rọ náà léèrè bóyá ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì rí èsì gbà. Nígbà tí kò bá bi í mọ́, ìwé yín yóò lọ tààrà.